Ìyá Tó Ń Gun Àtẹ̀gùn Bọ̀

Akọ̀wé Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n sì fi í ṣe. Abẹ́ ilé ni ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà wà, fèrèsé rẹ̀ ga débi pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lóde nìkan ni èèyàn lè rí. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́, òun àti màmá rẹ̀, ọ̀kan nídìí ẹ̀rọ, èkejì nídìí tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yí, tí kò ku nǹkan mìíràn ju kí wọ́n dúró dè é lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa tòògbé, àwọn mìíràn a máa ṣòfófó. Òun a fa bébà yọ nínú àpò aṣọ iṣẹ́, a máa kọ̀wé lórí orúnkún. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, tí wọ́n rí àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn ìwé náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wọn. "Àṣé ẹnu wa lo ti ń kó gbogbo ẹ̀!" ni wọ́n wí.

Wọn ò parọ́ mọ́ ọn. Kò sí ohun tí Akọ̀wé kọ rí tí kì í ṣe pé ojú rẹ̀ ló rí i tàbí etí rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ tó kó ẹrù jáde láì tilẹ̀ sọ pé ó dìgbóṣe, ó di ọkùnrin kan nínú ìwé kejì tí eyín ń ro láti ojú ìwé àkọ́kọ́, kò sì rí eyín náà yọ títí ìwé fi parí. Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ìfọṣọ láyé ìgbà tí màmá rẹ̀ ṣì lágbára, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ṣe-kíá nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, ó ti kú nínú ìwé mẹ́ta. Ó já sí kànga nínú ọ̀kan, ilé wó lù ú nínú òmíràn, egungun ẹja ló há a lọ́fun nínú ẹ̀kẹta. Ṣe-kíá fúnra rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fi ọ̀pá rìn, ń ra gbogbo ìwé náà. A sì máa dá Akọ̀wé dúró lójú ọ̀nà.

"Ọkùnrin burúkú inú ìwé yẹn," a wí bẹ́ẹ̀, a máa mi orí, "mo mọ irú ẹ̀ dáadáa. Ó tọ́ sí i!"

Akọ̀wé a ní, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá." Kí ni kó tún sọ?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ rédíò bi í léèrè nígbà kan pé ibo ló ti kọ́ ìwé kíkọ. Ó ní nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni, ó sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti fi ogún ọdún fọ aṣọ tí àwọn èèyàn sùn lé, tí wọ́n bí ọmọ lé, tí wọ́n kú lé, kò tún ní ohun púpọ̀ tí wọ́n lè kọ́ ọ nípa ọmọ aráyé.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Akọ̀wé kò fọwọ́ kàn rí nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ni.

Olóyè ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí pé láti kékeré ni kò ti lè jókòó kó má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ibà kan mú un, irú ibà tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dà nímú ọmọ láìdá. Wọ́n gbé e sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ní àjà kẹta ilé ìwòsàn kan náà tí màmá wọn ti ń fọṣọ nísàlẹ̀. Bàbá wọn ti kú. Màmá nìkan ló ń gbé ilé náà ró, iṣẹ́ kò sì ṣeé fi sílẹ̀, ni wọ́n bá ní kí Akọ̀wé, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, jókòó ti àbúrò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọ náà kú, nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọmọ ń bèèrè ìyá rẹ̀. Màmá kò gòkè wá nígbà náà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, ọmọ ti lọ.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò sọ ọ́ rí. Mo ní wọn ò sọ ọ́ rí o! Ìyá kò bi ọmọ pé báwo ló ṣe kú, ọmọ kò bi ìyá pé kí ló dá yín dúró. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n jọ ń padà bọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sáàárín wọn bí àlejò tí kò ní ilé tí yóò padà sí. Akọ̀wé lọ́kọ, ọkọ lọ, ó kó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ náà níbi tó fi í sí.

Ohun tó tún mú un le ni pé màmá yìí kan náà ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó bá kọ. Láti ayé ilé ìfọṣọ ni wọ́n ti ní àṣà kan láàárín ara wọn: Akọ̀wé a máa kà á sókè, màmá a máa ká aṣọ. Màmá kì í yìn ín, wọn kì í bú u. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bó ṣe yẹ kó rí, ọwọ́ wọn a máa lọ, igun sí igun, ìṣẹ́po kan, ìṣẹ́po kejì, wọn a tò ó lé òmíràn. Bí Akọ̀wé bá parọ́, ọwọ́ náà a dúró. Kì í ṣe irọ́ àròsọ ni mo ń wí o, wọ́n mọ̀ pé àròsọ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà kan ó kọ ọ́ pé opó kan sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ dúró.

"Kí lobìnrin náà ṣe, Màámi?"

"Ó sùn," ni màmá wí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó sùn bí ẹní kú ni."

Akọ̀wé yí i padà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ka ìwé náà ń rántí jù lọ. Kò bi màmá pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Òun náà wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkàn màmá kò lágbára mọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú, èémí wọn ń fà. Dókítà ní kí Akọ̀wé máa gbé wọn lọ sílé, kí wọ́n lọ sinmi. Akọ̀wé ti pẹ́ ní ilé ìwòsàn ju kó má mọ ohun tí "ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi" túmọ̀ sí lẹ́nu dókítà. Ó tẹ́ ibùsùn fún wọn ní yàrá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ màmá kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi, ni Akọ̀wé bá ń gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ mímọ́ kalẹ̀ níwájú wọn, àpò ìrọ̀rí, aṣọ ìnura, aṣọ ìbora. Wọn a ká a tán, òun a gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, a sì tún gbé e padà wá. Màmá mọ̀ pé aṣọ kan náà ni. Wọ́n ń ká a bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwé Olóyè. Ó ń kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó yí ohun díẹ̀ padà bó ṣe máa ń ṣe, kí ẹlòmíràn má baà dá wọn mọ̀: ilé ìfọṣọ di ilé ìdáná ilé ìwòsàn, ọmọkùnrin di ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n ohun tó yí padà jù ni pé ìyá inú ìwé gòkè. Wọ́n pè é, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀gá, ó sáré gun àtẹ̀gùn, ó gbé ọmọ lé itan, orí itan náà sì lọmọ kú sí, tọwọ́ ìyá ń pa á lórí. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ka ibẹ̀, ó sunkún. Ó ní nínú gbogbo ohun tí Akọ̀wé ti kọ, kò sí èyí tó tó o, pé kí wọ́n tètè tẹ̀ ẹ́.

Nínú ọkàn Akọ̀wé, ẹ̀bùn ni. Màmá ń lọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù yẹn dání lọ. Ẹnu rẹ̀ kò lè sọ pé mo ti dárí jì yín. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ nínú balùwẹ̀, òun nìkan, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ìwé yóò bá a sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á láti kà á. Ẹyin lọ̀rọ̀. Bí èyí bá já bọ́ tó fọ́, àwọn méjèèjì kò ní àyè tí wọn yóò fi ṣa á mọ́.

Màmá ló fà á yọ fúnra wọn. "Èyí tó ò ń kọ, tó ò kà fún mi," ni wọ́n wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ṣé èmi ni?"

"Kò tíì parí ni, Màámi."

"Èmi náà ti ń parí lọ. Mú un wá."

Ó mú un wá. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ màmá ń lọ. Ó ka bí ibà ṣe bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ń lọ. Ó ka ẹ̀jẹ̀ imú, ó ka bí ọmọ ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí ibùsùn bó ti ń ṣàìsàn tó, màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ọwọ́ wọn kò dúró. Ó ka bí nọ́ọ̀sì ṣe ránṣẹ́. Igun sí igun, ìṣẹ́po kan, ìṣẹ́po kejì. Ìyá inú ìwé bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ fà díẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ọwọ́ dúró.

Akọ̀wé rí i. Ó ń kà á lọ bí ẹni tí kò rí i, ó tún gbé ohùn sókè, bí ọmọdé tó ń gba inú òkùnkùn kọjá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ á bá a. Èyí kò tíì lọ ju ojú ìwé méjì tó fi bá a.

"Dúró," ni màmá wí. "Obìnrin yìí, ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Èmi kọ́. Èmi ò lọ."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀. O wà níbẹ̀. Kí ló wá dé?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ ni. Ó kéré tán nínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

Màmá wo àpò ìrọ̀rí tó wà lọ́wọ́ wọn. "Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ lórí ọmọ yẹn ò pọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣe-kíá ní wọ́n ń dúró de ṣíìtì ní yàrá iṣẹ́ abẹ, pé ẹni tó bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó má padà wá mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì ti ní ara ẹ̀ ti ń balẹ̀. Mo wá ní, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yọ ti inú ẹ̀rọ yìí ná. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Kò dáa, àmọ́ èmi ni mo ṣe é. O wá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi, o fi obìnrin tí mi ò mọ̀ rí sí àyè mi."

Ojú ti Akọ̀wé. Ohun tó pè ní ẹ̀bùn wà lórí itan rẹ̀, ó wá dà bí ohun tí òun jí.

"Wọ́n sì ń sọ pé irú nǹkan báyìí máa ń tán nínú èèyàn," ni màmá tún wí. "Kò tán o. Kì í ṣe pé mi ò lọ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọmọ yẹn ń bèèrè mi, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó kú, ó ń rò pé mo kọ̀."

"Wọ́n dá a lóhùn," ni Akọ̀wé wí.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, kò sọ ọ́ fún ọkọ, kò sọ ọ́ fún bébà. Nígbà tí Olóyè bèèrè pé Màámi dà, ó ní wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ti wà lórí àtẹ̀gùn. Olóyè ní irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni, òun ń gbọ́ ìró bàtà wọn. Olóyè ní ibo ni wọ́n wá dé? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Wọ́n ti nu ọwọ́. Wọ́n ti gba ẹnu ilẹ̀kùn tí kì í padé dáadáa yẹn jáde. Wọ́n ti di irin àtẹ̀gùn mú nítorí orúnkún wọn. Ìtàn tó kọ́kọ́ pa láyé rẹ̀ nìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì gbọ́ ọ. Bó ṣe ń pa á ló ń wo ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn kò ṣí. Bí ilẹ̀kùn kò bá sì ṣí, màmá inú ìtàn kò gbọdọ̀ tíì dé, ló bá ń wá ohun tí yóò máa dá wọn dúró lọ́nà.

Màmá ti gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ibo ni mo dé?"

"Màámi…"

"Nígbà tó kú. Ibo ni mo dé?"

"Àjà kejì." Akọ̀wé gbé bébà kúrò lórí itan. "Ẹ bá ìyá agbálẹ̀ pàdé, ẹ dúró, ẹ ń kí i bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo ní ẹ bèèrè ọmọ ẹ̀, ẹ bèèrè ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ẹ ti fẹ́ máa lọ, ẹ tún padà bèèrè ọmọ kejì. Olóyè wá ní, 'Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.' Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sọ nǹkan mọ́. Mo ṣì ń fi ẹnu yín kíni lọ, mi ò mọ̀ pé ó ti lọ. Èmi ni mo dá yín dúró, Màámi. Ká ní mo jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá ni, ẹ ò bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu màmá, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kí wọ́n tó mọ̀. Akọ̀wé kò rí omijé wọn rí, kò rí i lọ́jọ́ tí bàbá kú, kò rí i lọ́jọ́ tí Olóyè kú. Ó gbá wọn mú. Ara wọn ti fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ, ó sì dùn ún, ó dùn ún wọ egungun, pé gbogbo ọdún yìí ni òun fi pa ìtàn náà mọ́ fún ẹni tó ni ín.

"Ó gbà ẹ́ gbọ́," ni màmá wí, nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀. "Ká ní o sọ pé mo sáré kọjá lára ìyá yẹn láìkí i ni, ọmọ yẹn á ti mọ̀ pé irọ́ lò ń pa." Wọ́n fi àpò ìrọ̀rí nu ojú. "Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo bá a pàdé lórí àtẹ̀gùn lóòótọ́. Mi ò kí i. Ó ń pè mí lẹ́yìn, mo sáré lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún un láyé mi nìyẹn. Mo wọlé, mo rí ibùsùn, wọ́n ti ká gbogbo ohun orí ẹ̀."

Lóde, ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé.

"Màá yọ orí yẹn kúrò," ni Akọ̀wé wí.

"Yọ ọ́."

"Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé á bínú."

"Kó lọ kọ tiẹ̀." Màmá sùn padà sórí ìrọ̀rí, wọ́n dijú, Akọ̀wé rò pé oorun ti gbé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún la ẹnu. "Nǹkan kan wà tó ò mọ̀. Nígbà tí mo kúrò ní wọ́ọ̀dù, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ mú àpò mi. Mo bá ṣíìtì ẹ̀ nílẹ̀ láàárín tàwọn yòókù. Ẹ̀jẹ̀ imú ni mo fi dá a mọ̀. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n máa lọ sílé, àwọn á fọ̀ ọ́. Mo ní rárá o. Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Ọwọ́ Akọ̀wé ti wà lórí bébà kó tó mọ̀. Ó kórìíra ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n kò gbé e kúrò. "Ṣé kí n kọ ìyẹn, Màámi?"

"Kí lo wá jókòó ṣe?" Wọ́n mí, ó pẹ́ kí èémí kejì tó tẹ̀ lé e. "Àmọ́ omi tútù ni kó o kọ o. Má lọ kọ omi gbígbóná fún mi. Bí omi gbígbóná bá ti kan ẹ̀jẹ̀, kì í kúrò lára aṣọ mọ́."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi tútù ni.